Bàbá Àwọn Ọmọ Tẹ̀lé Sójà Lọ

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé ikọ́ ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọn ò tíì wó ilé lé yín lórí? Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ bàbá àwọn ọmọ ti sú mi pátápátá.

O ṣáà mọ̀ pé àkọ́bí wa wà lára àwọn sójà tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú ogun. Tó bá pè wá lórí fóònù, "Dáadáa ni mo wà" náà ni yóò sọ, yóò sì pa á. Ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú. Àfi bí ọkọ mi ṣe lọ wo fíìmù àtijọ́ kan ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn wọn, aláwọ̀ dúdú òun funfun, nípa oníròyìn kan tí kì í ṣe ọmọdé mọ́, tó ń tẹ̀lé àwọn sójà kiri nínú ẹrẹ̀. Kò gbé ìbọn. Ó kàn ń bá wọn jókòó, ó ń bá wọn jẹun, ó sì ń kọ ohun tí ojú wọn ń rí ránṣẹ́ sílé. Ọkọ mi dé, ó ní òun náà ń lọ bá àwọn sójà ọmọ wa lójú ogun. Ìyá Ìbejì, ọkùnrin tó jẹ́ pé ìròyìn bọ́ọ̀lù ló ń kọ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n! Bí bírò bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni yóò pè kí n wá bá a mú un, nítorí ẹ̀yìn ń dùn ún.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀. Ó kó bíríkì sínú báàgì, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó fi ń yí àdúgbò po láràárọ̀. Àwọn èèyàn ń bi mí bóyá a ti ń kó lọ ni. Ó sùn sórí sìmẹ́ńtì lásán pé òun ń kọ́ra. Èmi náà ni mo fi òróró ìpara ra á lẹ́yìn kó tó lè nàró. Ó tún gbẹ́ kòtò ìsápamọ́ bíi ti sójà sábẹ́ okùn tí mo ń sá aṣọ sí. Ọ̀gá iléèwé tó wá gba yunifọ́ọ̀mù tí mo rán fún wọn ló jìn sí i. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò kéré.

Mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ pé kí wọ́n má ṣe gbà fún un. Ọ̀gá ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà ti fọwọ́ sí i, ìyàwó wa? Ohun tó sọ fún mi nìyẹn." Inú bí mi! Mo délé, mo gbéná wojú rẹ̀. Mo ní ọmọ kan lójú ogun ti tó mi, mi ò ní fi ọkọ kún un. Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Mo mọ ohùn agbábọ́ọ̀lù tó ti fara pa, tó ń sọ pé kò sóhun tó ṣe òun. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ yẹn. Ìwọ náà sì ń gbọ́ ọ." Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Wọ́n gbé ọkọ̀ wá mú un láàárọ̀ yìí. Ó ti jókòó tán kó tó yọrí síta, ó ní kí ni kí òun bá mi sọ fún ọmọ. Mo wá ní, "Ẹ sọ fún un pé inú ń bí mi sí ẹ̀yin méjèèjì." Ó rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ sì lọ. Aṣọ iléèwé kún iwájú mi báyìí, mi ò lè fi abẹ́rẹ́ kàn án.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì àti àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé tí o bá ń gbàdúrà, o máa ń dárúkọ ẹnì kan fún mi. Jọ̀wọ́, sọ ọ́ di méjì.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,
Ìyá Sójà