Ẹja Kúkúrú Kì Í Ṣe Ọmọ Ẹja

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Ẹja,
                                        Ẹ̀bá Adágún.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti ń gbọ́ oògùn? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí débi pé Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ fi ń pè mí láti kékeré ti di èébú létí mi.

Ẹ rántí iṣẹ́ mi. Òkúta kékeré kan wà nínú etí ẹja. Bí ẹja bá ti lo ọdún kan, ìlà kan á kún ara òkúta náà. A máa ń lọ̀ ọ́ kó fẹ́lẹ́, ká tó fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá ka ìlà rẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń mọ ọjọ́ orí ẹja àti bó ṣe ń dàgbà sí.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá mi ní kí n yẹ ẹja tí Bàbá Pẹ̀lẹ́ pa wò. Àbúrò màmá wa yìí náà ni o, àwọn tó tọ́ mi dàgbà. Ẹnìkan ló fẹjọ́ wọn sùn pé ojú àwọ̀n wọn kéré jù, pé ọmọ ẹja ni wọ́n ń kó. Wọ́n sọ fún mi wọ́ọ́rọ́wọ́ pé àgbà ẹja ni, pé omi ló bàjẹ́ tí ẹja ò fi tóbi mọ́. Mo kọ etí ikún. Ìpàdé àwọn apẹja ku ọ̀la, ogójì òkúta sì wà nílẹ̀ láti lọ̀. Mo kàn fi rúlà wọn ẹja, n kò rí èyí tó ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ni mo bá kọ "ọmọ ọdún kan" síwájú gbogbo rẹ̀. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni mo ti kà á. Ẹgbẹ́ gba àwọ̀n Bàbá Pẹ̀lẹ́, ó sì yọ wọ́n nípò olórí. Wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó lọ àwọn òkúta náà. Ẹ̀gbọ́n mi, ìlà méje. Òmíràn, mẹ́jọ. Ara ẹja lè má tóbi mọ́, òkúta etí rẹ̀ á ṣì máa tóbi ni. Ó yẹ kí n ti fura, nítorí òkúta náà tóbi ju èyí tó yẹ kí orí kékeré bẹ́ẹ̀ gbé lọ. Èmi tí etí ẹja ń bọ́, n ò fi etí ara mi gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà.

Láàárọ̀ àná, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n ní kí n dìde. Ẹ ṣáà mọ̀ pé orí wọn ò kọjá èjìká mi láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní àwọn náà ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó ni mo máa kọ síwájú àwọn. Ńṣe ni mo bú sẹ́kún. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní, "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n inú yàrá kọ́ lo ti kà á."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹgbẹ́ tún máa ṣe ìpàdé. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Bàbá Pẹ̀lẹ́ náà ní kí n kí yín, wọ́n sì ní kí n má sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Mo sọ ọ́ fún yín ná, kí ẹnu mi lè mọ̀ ọ́n sọ.

Èmi ni àbúrò yín,
Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ka ẹja lójú, tí kò kà á létí.