Ẹ Má Fọ Kànga Náà, Màmá

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kánádà níbí. Mo kí Bọ̀dá Déjì, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo sì kí Tiwa, ọmọ wọn tí Olúwa gbà lọ́wọ́ ikú.

Òtútù ibí kò ṣe é fẹnu sọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó náà ni mò ń ṣe. Bí mo bá ti ń bu omi ẹ̀rọ fún wọn, ẹ̀yin ni mò ń rò, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Bọ̀dá Déjì ló pè mí lánàá, pé adájọ́ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ wá fojú ara rẹ̀ wo kànga wa ní Ijagun. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ló bá ní ẹ ti ra álọ́ọ̀mù tó ń mú omi tòrò, ẹ sì ti bẹ àwọn agbẹ́kànga kí wọ́n wá gbọ́n ọn, kí wọ́n fọ̀ ọ́, torí ẹ ò lè jẹ́ kí àlejò ńlá bá ìdọ̀tí nílé yín. Háà, Màmá! Mo pè yín, ẹ ní kí ẹ tó bí mi lẹ ti ń gba àlejò, ẹ sì pa fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta, kí Bọ̀dá kà á fún yín, kí gbogbo àdúgbò sì lè bá mi bẹ̀ yín.

Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tó gbé wa dé kóòtù ni? Onílé tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yẹn ló gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́yìn ògiri wa. Ìgbẹ́ jò wọ kànga, omi ń rùn, onígbáméjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Tiwa lọ. A bẹ onílé, ó fi wá rẹ́rìn-ín. A lọ sí káńsù, wọ́n ní ká máa bọ̀ lọ́la. Lọ́yà wa ló ní ẹ̀tọ́ wa ni omi tó mọ́, kì í ṣe àánú ẹnikẹ́ni, pé kóòtù lè pàṣẹ kí wọ́n dí ihò náà. Bí adájọ́ bá wá bá omi tó mọ́ gaara ńkọ́? Onílé á ní irọ́ lẹ pa. Agbára álọ́ọ̀mù á tán, ìgbẹ́ á tún jò wọlé, Tiwa á sì tún mu ún.

Ẹ̀rù ń bà mí, torí mo mọ̀ yín: ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbálẹ̀ bí pásítọ̀ bá ń kọjá lọ lásán! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà kójú tì yín lọ́jọ́ kan péré. Ẹ fa omi náà níṣojú adájọ́, ẹ bù ú sínú ife gíláàsì tẹ́ ẹ fi ń ṣàlejò. Ẹ má jẹ́ kó mu ún o. Kó kàn gbóòórùn rẹ̀.

Olúwa á dá yín sí fún wa, ẹ ò ní fọwọ́ yín sin ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Bí àwọn agbẹ́kànga bá ti wà lẹ́yìnkùlé bí ẹ ṣe ń gbọ́ èyí, ẹ má jẹ́ kí Bọ̀dá kà á tán. Ẹ sáré lọ gba korobá lọ́wọ́ wọn.

Èmi ọmọ yín tí ò rí oorun sùn,
Fọlákẹ́