Ohun Tí A Wọ̀ Lọ Jẹun Nínú Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Rẹ

Pandan, Antique
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀

Inday Merlinda, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ń gbé e? Ṣé Manila kò tíì jẹ ọ́ tán? Tí o bá bi wá, a wà, a ń mí, ẹsẹ̀ ìyá rẹ ṣì ń wú tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ojú mi ọ̀tún kò sàn, kò sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí Màríà Mímọ́ bò ọ́ mọ́lẹ̀ níbi gbogbo tí o bá ń rìn, kí ó má jẹ́ kí mọ́tò ìlú yẹn mọ̀ ọ́n lójú, kí ó má sì jẹ́ kí o gbàgbé ọ̀nà ilé. Àmín.

Mo kọ́kọ́ pè ọ́ lórí fóònù. Obìnrin kan ló gbé e, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, mo kí i, mo bi í bóyá òun ni onílé rẹ, kò dáhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi sọ fún ọ pé bàbá rẹ pè, ṣe ló gé fóònù mọ́ mi létí. Mo tún pè lálẹ́, òun náà ló tún gbé e, ó tún ṣe ohun tó ṣe láàárọ̀. Merlinda, má bá obìnrin yẹn gbé mọ́, kò ní ọ̀yàyà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí mo lè rán an.

Nílé, ìjì ti ká òrùlé ilé ẹlẹ́dẹ̀ lọ, a rí i lórí igi àgbọn Mang Porfirio, ó ní òun kò lè gùn ún mú un wá, a ní kó fi síbẹ̀. Abo ẹlẹ́dẹ̀ ti bímọ. Àkùkọ pupa tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi sílẹ̀ ń jẹun dáadáa, ìrù rẹ̀ nìkan ló dín kù, wàá gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ṣé o rántí Mísì Katigbak, obìnrin ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó tẹ̀lé pósí Rodel wá láti pápákọ̀ òfurufú, tó ń fi ìwé gba oòrùn lójú nígbà tí a ń sin ín? Ó tún wá. Ó ní ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú sí yóò dúró sójú òkun lẹ́bàá Boracay, pé ọ̀gá ọkọ̀ fẹ́ kí èmi àti ìyá rẹ wá jẹun alẹ́ nínú gbọ̀ngàn tí Rodel ti ń gbé oúnjẹ fún àwọn àlejò, kí wọ́n fi yẹ́ ẹ sí. Inú ìyá rẹ dùn. Láti ìgbà tí a ti sin ọmọ yẹn, mi ò rí eyín rẹ̀ àfi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun fẹ́ rí ibi tó ń dúró sí. Mísì Katigbak wá ní ohun kan ló kù, kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà sílípáàsì wọ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wọ ṣòkòtò penpe, kò sẹ́ni tó ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, aṣọ tí wọ́n ń pè ní kọkitéèlì ni kálukú ń wọ̀ wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó sọ ọ́ tán, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Mo lọ bá Tísà Gorgonia. O mọ̀ pé ó ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì kí a tó bí ọ. Ó ronú títí, ó ní kọ́kì ni àkùkọ, téèlì ni ìrù, nítorí náà ìrù àkùkọ ni wọ́n ní kí a wọ̀. Mo bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ òun ni. Mo ní kó má bínú, ó yé mi. Mo ti rí àwọn ọmọ ogun tó ń fi ìyẹ́ sí fìlà, mo sì mọ̀ pé nǹkan àwọn olówó máa ń yàtọ̀. Nígbà tí mo délé, mo mú àkùkọ Rodel, mo fa èyí tó gùn jù nínú ìrù rẹ̀, ìyá rẹ sì fi abẹ́rẹ́ kàn wọ́n mọ́ àyà barong mi, barong tí mo wọ̀ gbé e níyàwó, tí mo sọ fún yín pé òun ni kí ẹ wọ̀ fún mi tí mo bá kú.

Ìyá rẹ ní tòun, dúdú lòun máa wọ̀. Tísà Gorgonia ní àwọn tó wá gbádùn ayé wọn kò ní fẹ́ rí aṣọ ọ̀fọ̀ nídìí oúnjẹ, ó ní kó yá aṣọ òun tó ní òdòdó. Ìyá rẹ ní ọdún kò tíì pé, òun kò ní bọ́ dúdú lára nítorí ẹran díndín, bí ọ̀gá ọkọ̀ kò bá fẹ́ rí dúdú, kó wá jẹun ní ilé ìdáná òun níbí.

Ọkọ̀ kékeré ló gbé wa lọ bá ọkọ̀ ńlá náà. Merlinda, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, ọkọ̀ yẹn ga ju òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa lọ, gbogbo ojú fèrèsé rẹ̀ ló tan iná, mo sì ń wò ó pé ojú èwo nínú wọn ni ọmọ mi kú sí. A gba ẹnu ọ̀nà kan tí ń ké. Ó ké mọ́ ìyá rẹ nítorí rosary tó wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yẹ ìbọn wò, wọ́n dá a padà. Nígbà tí a dé ẹnu gbọ̀ngàn oúnjẹ, ọmọbìnrin kan dúró síbẹ̀ tó ń da omi mímọ́ sọ́wọ́ àwọn èèyàn. Mo ní wò ó, ọkọ̀ onígbàgbọ́ ni. Mo fi ṣe àmì àgbélébùú, mo fi kan iwájú orí, ó sì ṣàn sí mi lójú, ó ta mí bí ata. Àṣé oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ọwọ́ ni. Ojú tí mo fi wọlé kò ríran dáadáa, ìyá rẹ ló fà mí lọ́wọ́.

Ìyá rẹ náà ló kọ́kọ́ rí i. Ó di apá mi mú gírígírí, ó ní bàbá Rodel, ẹ wò ó. Mo nu ojú mi, mo wò. Gbogbo obìnrin tó jókòó nínú gbọ̀ngàn yẹn, àgbà àti ọmọdé, dúdú ni wọ́n wọ̀. Àwọn ọkùnrin náà, kóòtù dúdú. Ìyá rẹ ní wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ wa. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó lọ bá òyìnbó obìnrin kan tó sún mọ́ ọ̀nà, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń dúpẹ́ ní èdè wa, Kinaray-a, ó ń sọ fún un pé Rodel kì í ṣe ọmọ aláriwo, pé ó máa ń jẹ ìrẹsì tútù láì ráhùn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan aṣọ ìyá rẹ bí ẹni ń sọ pé ó rẹwà. Ọkọ rẹ̀ wo ìyẹ́ àyà mi, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ya mí ní fọ́tò. Mo dúró ṣánṣán fún wọn. Mo rò pé nítorí Rodel ni.

Ọ̀gá ọkọ̀ wá, ó bọ̀ wá lọ́wọ́, ó sọ̀rọ̀, Mísì Katigbak tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ pé ó ní ẹbí kan náà ni gbogbo wọn nínú ọkọ̀. Kò jókòó. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, àwo rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ, oúnjẹ inú rẹ̀ kò tó èyí tí ọmọ ológbò máa jẹ, kò sì sí ìrẹsì. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Welmer, ará Leyte, ló ń gbé oúnjẹ fún wa. Ó kí wa ní Nanay àti Tatay, bí ẹni ń kí ìyá àti bàbá rẹ̀, ó rọra sọ fún mi pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í wọ ìrù àkùkọ, pé aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ mu ọtí díẹ̀ kí wọ́n tó jẹun ni wọ́n ń pè ní kọkitéèlì, pé dúdú sì ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ìyá rẹ gbọ́. Ó kàn gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

Nígbà tí Welmer na ọwọ́ láti bu omi fún wa ni ìyá rẹ gbá a lọ́wọ́ mú. Lẹ́nu apá kóòtù funfun tó wọ̀, ibì kan wà tí wọ́n rán. Ìgbà tí Rodel wálé kẹ́yìn, ó gbé kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ wá pé ìṣó fà á ya, ìyá rẹ kò rí òwú funfun, ó lo òwú àwọ̀n mi, ó sì ta á ní kókó bí a ṣe ń ta àwọ̀n. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń rán aṣọ báyẹn. Ìyá rẹ bi í pé aṣọ ta ni. Ó ní ọkọ̀ ló ni aṣọ, pé ibi ìfọṣọ ni wọ́n ti fún òun, pé òun kò rí ẹni tí òun máa kọ̀ ọ́ fún. Ó ní lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lókè ti Rodel lòun ń sùn.

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí orin fi bẹ̀rẹ̀, ìlù dún, gbogbo àwọn agbáwo sá lọ sáàárín, wọ́n ń jó, wọ́n ń fi aṣọ ìnuwọ́ lókè, àwọn àlejò ń pàtẹ́wọ́. Welmer náà lọ. Ìyá rẹ ń wo kóòtù yẹn bó ṣe ń yí po. Kò sunkún. Nígbà tí Welmer padà wá kó àwo, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín wa, ó ní òun ò lè gbé e sínú mọ́. Ó ní ara Rodel gbóná fún ọjọ́ mélòó kan, ó bẹ ọ̀gá àwọn agbáwo pé kó jẹ́ kí òun dùbúlẹ̀, ọ̀gá ní ọkọ̀ kún, kó lọ wọ aṣọ rẹ̀. Ó ní ijó yìí ló ń jó lọ́wọ́ tó fi ṣubú, níbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Àwọn àlejò rò pé ara eré ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, àwọn kan fọn súfèé. Ọ̀gá ṣẹ́jú sí àwọn yòókù pé kí wọ́n má dúró, wọ́n sì jó títí orin fi parí. Ó ní èmi náà jó, Tatay. Mo jó yí i ká.

Merlinda, ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé orí ibùsùn ló kú sí, pé dókítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ dìde. Ó ní kí Welmer bọ́ kóòtù náà. Mísì Katigbak sáré dé, ó ń sọ pé Nanay, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá. Ìyá rẹ ní kí wọ́n máa wò. Welmer bọ́ ọ, ó fi í lé e lọ́wọ́, ó ní ẹ gbà, tiyín ni. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti ya léjìká ló wà lára rẹ̀ lábẹ́. Ọ̀gá àwọn agbáwo dé, ó fi ìka tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà, Mísì ní ó ní ẹni tí kò wọ kóòtù kò gbọ́dọ̀ dúró nínú gbọ̀ngàn, pé ní èbúté tó kàn, wọ́n á já ọmọ náà sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Àwọn tábìlì tó wà nítòsí wa wò wá, wọ́n rí ìyẹ́ àyà mi, wọ́n rí síńgílẹ́ẹ̀tì Welmer, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù gbà á.

Ìyá rẹ gbé kóòtù náà sí imú. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọṣẹ nìkan lòun gbọ́. Ó wo Welmer, ó bi í bóyá ìyá rẹ̀ wà láyé, ó ní ó wà, owó òun ni wọ́n ń wò lọ́nà nílé. Ìyá rẹ wá na kóòtù náà sílẹ̀, ó ní kó ti apá bọ̀ ọ́, ó ti apá kejì bọ̀ ọ́ fún un, bó ṣe máa ń wọṣọ fún ẹ̀yin méjèèjì tí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ de bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ọrùn. Ó ní lọ́jọ́ tí ara rẹ bá gbóná, jókòó sílẹ̀, jẹ́ kí wọ́n lé ọ, kí o wá sí Pandan, ìrẹsì wà.

Èmi kọjú sí ọ̀gá àwọn agbáwo. Mo sọ ohun tí ó jẹ́ fún un, mo sọ ohun tí mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ rí kó tó kú, ní Kinaray-a, mi ò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Mísì Katigbak túmọ̀ rẹ̀ fún un pé mo ń dúpẹ́. Ó tẹrí ba fún mi.

Bí a ṣe padà sílé nìyẹn, a kò jẹ nǹkan kan. Láti ìgbà náà ìyá rẹ kò lọ sí ojú oórì Rodel mọ́, ó ní òun kò mọ ohun tí òun máa bá a sọ. Ó kàn ń tún àwọ̀n mi rán, àní ibi tí kò ya.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ tí o bá ní in, kí á fi sanwó Máàsì nígbà tí ọdún bá pé, kí á sì ra oògùn ẹsẹ̀ ìyá rẹ. Má fi sínú ẹ̀rọ tí ń pọ owó jáde, nítorí ti Pandan máa ń gbé káàdì mì, a sì ti bẹ̀ ẹ́ títí kò pọ̀ ọ́. Fi rán èèyàn. Lẹ́yìn náà, bá mi wá lọ́yà ní Manila tó ń ṣe ti àwọn atukọ̀, kó bá mi sọ fún àwọn onílé iṣẹ́ yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì tó yè kooro pé ọmọ wa kò ṣeré lọ́jọ́ yẹn. Welmer ní tí wọ́n bá pe òun, òun á sọ ọ́, iṣẹ́ ì báà bọ́. Mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ á bọ́ lóòótọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ìwọ náà, iṣẹ́ tí o fi ń gbé fóònù fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní gbogbo òru yẹn, tí ara rẹ bá gbóná, má lọ. Jẹ́ kí wọ́n máa pè títí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ìjókòó rẹ àti ìdúró rẹ. Kí ó fún ọ ní ọ̀gá tó ní ìyá. Lọ́jọ́ tí o bá ṣubú, kí ó má ṣe jẹ́ àárín àwọn tó ń pàtẹ́wọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Eleuterio