Omi Tó Dì Lórí Òrùlé Ilé Páńtí

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà pé òtútù kì í mú ẹnikẹ́ni ní ọ̀run níbi tí ẹ wà. Níbí o, ó ń mú wa dé egungun. Ìdí fèrèsé ni mo jókòó sí ní Peckham, mo da búláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀, tíì mi sì ti tutù kí n tó kọ orúkọ yín tán. Sínóò tó bọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn kò tíì yọ́ tán lábẹ́ àwọn igi ìsàlẹ̀ yìí. Àwọn ará rédíò ti fún òtútù náà ní orúkọ ńlá, bí ẹni tó jẹ oyè. Èmi ń pè é ní òtútù.

Ìròyìn tó tóbi jù ni pé ẹ ti ní àrọ́mọdọ́mọ. Mojí bímọ, ọmọ mi kan ṣoṣo, tí ẹ rí nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ẹ rẹ́rìn-ín pé Yorùbá rẹ̀ ń tiro. Ó ṣì ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó bá ń lọ ló ń dé. Ọmọbìnrin ló bí, orí rẹ̀ rí róbótó, ohùn rẹ̀ sì tó ti ọ̀gá ilé ìwé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò ní ọsibítù ni mo ti kó lọ sọ́dọ̀ wọn láti máa wẹ ọmọ. Káyọ̀dé, ọkọ Mojí, ń wa bọ́ọ̀sì. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kò ní àléébù kankan àyàfi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

Ẹ ò mọ Olóyè. Ẹ ṣoríire. Òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn níhìn-ín. Káàdì tó fún mi lọ́jọ́ ìdána ní oyè mẹ́sàn-án lójú kan, ó sì ku díẹ̀ lẹ́yìn. Mo fi bírò pupa tún àṣìṣe méjì ṣe lára rẹ̀, mo wá fi há inú ìwé tí mò ń kà lọ́wọ́, kó máa bá mi ṣọ́ ibi tí mo bá dé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ keje ọmọ, ó pè mí lórí fóònù.

“Ìyá Mojí, lọ́la, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, a ó kó ọmọ jáde. Ìkómọjáde gidi o, kì í ṣe ti orí àga inú pálọ̀.”

“Olóyè, ẹ yọjú síta ná. Yìnyín ló tẹ́ sílẹ̀ yẹn.”

“Àṣà ò mọ yìnyín!”

Èmi náà mọ̀ pé àṣà ò mọ yìnyín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Màámi, mo dákẹ́. Èmi tí mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n pariwo lé ọmọ ọlọ́mọ lórí nínú kíláàsì, mo dákẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ilé ọkọ ló ni ọmọ, pé ìyá ìyàwó kì í lànà fún wọn. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì ṣe bí ẹ ti ṣe ní Ṣakí.

A kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn nílé wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí.

Ọmọ ọdún méje ni mí. Ọyẹ́ ọdún náà le débi pé ètè gbogbo wa ló bẹ́, tí omi inú ìkòkò ń ta ènìyàn lọ́wọ́ bí ẹ̀gún. Ẹ bí ọkùnrin. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn àgbà ilé bàbá wa pé sí àgbàlá. Èmi ni mo gbé àtùpà. Wọ́n bọ́ aṣọ lára ọmọ, wọ́n da omi sórí páànù, ẹ sì gbé e sábẹ́ etí òrùlé kí omi náà máa kán sí i lára. Ó ké. Gbogbo ènìyàn yọ̀, nítorí ọmọ tó bá ké lábẹ́ omi yẹn, ọmọ alààyè ni. Apá yín ń gbọ̀n. Lálẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àyà rẹ̀ ti ń dún. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìndínlógún tí ẹ bí i, kò sí mọ́.

Bóyá òtútù kọ́. Bóyá nǹkan mìíràn ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti ka ìwé lórí rẹ̀, mo ti bi dókítà méjì léèrè bí ẹni tó ń ṣèwádìí fún ẹlòmíràn, kò sí èyí tó lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọdún náà, ní gbogbo òwúrọ̀ ọyẹ́, ẹ máa ń na aṣọ sí iná ààrò, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ wa láyà lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó lọ sí ilé ìwé, ẹ ò sì ní sọ nǹkan kan. Èmi á máa rùn bí ẹja yíyan dé kíláàsì. Àwọn ọmọ yòókù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ń gbé àyà mi kiri bí ẹni tó wọ góòlù.

Síbẹ̀, mo bínú sí yín. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún. Inú ò bí mi sí àwọn ọkùnrin tó dúró sí àgbàlá o. Ẹ̀yin ni, nítorí ọwọ́ yín ni ọmọ wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé London, tí mo dúró de bọ́ọ̀sì ní Walworth Road nínú òtútù tí n kò rí irú rẹ̀ rí, tí omijé mi tutù kó tó dé àgbọ̀n, ẹ̀yin ni mo rò. Mo ronú pé ẹni tí ìyá rẹ̀ kò lè sọ pé ó tó, ó yẹ kó kọ́ bí a ti ń gbọ̀n láìsọ̀rọ̀. Mo délé, mo kọ lẹ́tà sí yín pé ooru díẹ̀díẹ̀ wà níbí. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́?

Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ. A sọ̀ kalẹ̀ sí àgbàlá fúláàtì, àwa bíi mẹ́wàá. Màámi, òtútù tí mo rí lọ́jọ́ náà, ti Walworth Road ò tó ọmọ rẹ̀. Bí mo bá fa èémí, irun imú mi á gún mi bí abẹ́rẹ́. Abọ́ irin tí mo gbé dání lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Káyọ̀dé dorí ìgò oyin kodò. Oyin wò wá, kò sọ̀ kalẹ̀. Epo pupa ti dì bí àbẹ́là. Olóyè fúnra rẹ̀ wọ agbádá lé kóòtù, kóòtù lé súwẹ́tà mẹ́ta. Ẹ̀gbẹ́ ló fi gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ọ̀ràn òrùlé ló kọ́kọ́ wáyé. Ilé alájà márùn-ún ni. Ẹni tó bá máa da omi sórí rẹ̀, àfi panápaná. Olóyè wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó yípo lẹ́ẹ̀kan. Òrùlé kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ tó ni ti ilé páńtí, níbi tí káńsù ń kó àwọn agolo ìdọ̀tí sí. Ojú ò tì í. Ó dúró níwájú ilé páńtí yẹn, ó ki baba ńlá mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn, ó sì da omi.

A dúró kí omi kán.

Kò kán. Ó dé etí òrùlé, ó rò ó wò, ó dì síbẹ̀ bí eyín ajá. Aládùúgbò kan, ìyá àgbà ará Jàmáíkà, ṣí fèrèsé lókè, ó wò wá, ó wo ilé páńtí, ó sì rọra tì í padà.

“Omi kọ̀,” Olóyè ní. “Kò burú. Ẹ bọ́ aṣọ lára ọmọ, ká fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ kì í kọ̀.”

Káyọ̀dé ń wo bàtà ara rẹ̀. Mojí di ọmọ mú, kò wo ọkọ rẹ̀. Èmi ló wò. Ìgbà yẹn ni nǹkan kan padà sí mi lọ́kàn tí n kò rántí láti ọgọ́ta ọdún yìí. Ẹ̀yin náà wo ẹnì kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ní Ṣakí. Ẹ wo ìyá yín, tó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá yín sì wo ilẹ̀.

Èmi kò wo ilẹ̀.

“Olóyè,” mo ní, “ọmọ yìí ò ní bọ́ aṣọ.”

“Ìyá Mojí! Ṣé ẹ gbàgbé ẹni tó ni ọmọ ni?”

“Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àgbà ṣáájú ọmọdé. Ẹ bọ́ bàtà.”

“Kí lẹ wí?”

“Ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ká rí i. Bó bá tura, a ó gbé ọmọ tẹ̀lé yín.”

Ohùn kíláàsì ni mo lò, Màámi. N kò lò ó láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì rí i pé kò dípẹtà. Àwọn ẹyẹlé pàápàá nàró ṣánṣán lórí òrùlé.

Ọkùnrin náà bọ́ bàtà! Ìgbéraga rẹ̀ kò jẹ́ kó lè ṣe ohun mìíràn. Káyọ̀dé dì í mú léjìká, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé yìnyín, ó gbé ọ̀tún tẹ̀ lé e. Kí n má purọ́, ó dúró ju bí mo ṣe rò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ oríkì ara rẹ̀. Ó dé ìlà kejì, ó dé ìlà kẹta, ohùn rẹ̀ bá di ti ọmọ ìkókó.

“Yéè! Káyọ̀dé! Gbé mi! Gbé mi o!”

Mojí rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi ń mì lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo aṣọ lọ́rùn. Gbogbo wa sá gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Inú pálọ̀ la ti sọ ọmọ lórúkọ, nígbà tí oyin ti yọ́ lórí hítà. Fadérera ni orúkọ rẹ̀. Olóyè fi mẹ́ta mìíràn kún un. Èyí tó gùn jù nínú wọn, mi ò rí fọ́ọ̀mù tó máa gbà á.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn yòókù wà nínú pálọ̀, wọ́n ń jẹ àkàrà. Olóyè wà ní kíṣìnnì, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ti bọ́ agbádá. Láìsí agbádá, ọkùnrin kékeré ni. Mo ń bu omi kún un.

“Ìyá Mojí.”

“Olóyè.”

“Láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti fẹ́ ká padà. Mo kàn ń retí kí ẹnì kan sọ ọ́ ni.”

“Ẹ̀yin lẹ lẹ́nu jù nínú wa!”

“Ẹnu tó ti ki baba ńlá mẹ́rin,” ó ní, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, “báwo ló ṣe máa wá sọ pé òtútù ń mú òun?”

Mo bu omi sí i.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi yín léèrè. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ṣakí? Ṣé gbogbo yín lẹ dúró nínú ọyẹ́ yẹn, ẹ̀yin, ìyá yín, bàbá wa, àwọn àgbà onífìlà, tí oníkálukú ń retí kí ẹnìkejì ní ó tó? Ọmọ ọdún mélòó lẹ tiẹ̀ jẹ́ nígbà náà? Mo ti ṣírò rẹ̀. Lónìí, Mojí fi ọdún mẹ́wàá ju ọjọ́ orí yín ìgbà náà lọ, ó sì ṣì nílò kí ìyá òun gbé ojú sókè. Ojú tiyín, ta ló gbé sókè fún yín? Màámi, mo ti fi ẹjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kí n fi í kàn.

Ọmọ sín lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, n kò sì fojú kan oorun títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ó ń mu ọmú bí ẹni tí wọ́n háyà fún iṣẹ́ náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti fẹ́ bo ojú.

Ní àná, mò ń wẹ̀ ẹ́, Mojí jókòó tì mí.

“Mummy, that morning, ní ìsàlẹ̀. Ojú yín yàtọ̀. Bíi pé ẹ fẹ́ bá ẹnì kan jà tí kò sí níbẹ̀.”

Mo sọ fún un. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, omi ń kán lọ́wọ́ mi. Mojí kò bi mí ẹni tó jẹ̀bi. Kò bi mí ohun tó pa á. Ó bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rí nílé wa.

“Kí ni orúkọ ẹ̀?”

Ẹnu mi wúwo kó tó jáde. Ọlájídé. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń tiro gba orí àwọn àmì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ranjú mọ́ mi, ó ní òun ò lè kàn máa pe orúkọ àbúrò ìyá òun lásán bẹ́ẹ̀. Ṣé èmi náà kọ́ ni mo kọ́ òun? Ó gbé ọmọ lé àyà, ó sì sọ fún un pé ó ní Uncle kan tó ń jẹ́ Uncle Ọlájídé.

Ọmọ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, Màámi. Ó ti di Uncle ní Peckham.

Èmi ni àkọ́bí yín, tí inú rẹ̀ ti yọ́ sí yín pátápátá.