Ilé Tí Yàrà Yí Ká

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún, 2025
Arúgbó tuntun tí màá máa tọ́jú, Co-op City. Bàbá Johnson, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ọmọ England tó ti ṣí wá síbí tipẹ́. Mo wẹ̀ ẹ́, mo po tíì fún un. Ó ní ilé ọlọ́lá kan wà lẹ́yìn oko bàbá òun, ilé ayé àtijọ́, yàrà olómi yí i ká. Bàbá rẹ̀ wó àlàpà tó kù, ó fi dí yàrà, ó gbin koríko fún màlúù. Ojú òun ló ṣe. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6
Ọ̀rọ̀ ilé yẹn náà ló tún ń sọ. Mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ọjọ́ Ẹtì, 9
Sharon ọmọ rẹ̀ wá — Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán. Ó ní òun ti wo àwòrán pápá tí wọ́n ní ilé náà wà látijọ́ lórí fóònù, koríko lásán ni. Orí bàbá òun ti dàrú, èmi sì ń tì í lẹ́yìn. Dókítà ń bọ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlógún. Tó bá ti jẹ́rìí sí i, ilé arúgbó ló kàn. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri. Inú bí mi! Ṣé kí n máa pe àgbà ní òpùrọ́ lójú ara rẹ̀ ni? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10
Olúrótìmí tó ń pín wa síṣẹ́ pè. Sharon ti fẹjọ́ sùn. "Màmá Démi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jiyàn. Tí bàbá bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kàn change topic." Mo ní mo gbọ́. Mi ò ṣáà sọ pé mo gbà.

Ọjọ́rú, 14
Mo rò ó nínú bọ́ọ̀sì. Yàrà àtijọ́ wà lẹ́yìn ilé ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú, apá kan ti dí pátápátá. Lọ́wọ́ ọ̀gbẹlẹ̀, ibẹ̀ ni Màmá ń gbin ẹ̀fọ́ sí, torí kì í tètè gbẹ. Ọdún tí òjò rọ̀ ni Sharon wò! Ọdún ọ̀dá ni yàrà tí wọ́n dí máa ń fara hàn.

Ọjọ́bọ̀, 15
Ilé ìkàwé, Highbridge. Bàbá ti kọ orúkọ abúlé rẹ̀ fún mi. Kọ̀ǹpútà ní àwòrán pápá náà láti òkè, ọdún dé ọdún. Koríko. Koríko. Ọdún tí ọ̀dá dá wọn — ha! Gbogbo pápá gbẹ, àfi ìlà koríko tútù onígun mẹ́rin láàárín rẹ̀. Ó já níbì kan ṣoṣo, lápá ìwọ̀-oòrùn. Mo pariwo. Wọ́n ní kí n dákẹ́. Mi ò dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 19
Mi ò fi àwòrán han Bàbá. Níwájú dókítà, mo ní kí Bàbá ya ilé náà. Ó yà á: yàrà onígun mẹ́rin, ọ̀nà àbáwọlé kan, ìwọ̀-oòrùn. Ìgbà yẹn ni mo wá gbé àwòrán tí mo tẹ̀ jáde nílé ìkàwé kalẹ̀. Dókítà fi wọ́n wéra títí. Ó ní orí tó rántí èyí ò dàrú, kí Bàbá jókòó sílé rẹ̀. Sharon fà mọ́ bàbá rẹ̀, ó ń bi í bí ilé náà ṣe rí. Mo sunkún ní kíṣìnnì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20
Ọ́fíìsì iléeṣẹ́ wa. Wọ́n ní mo kọjá àyè mi níwájú dókítà. Wọ́n mú mi kúrò lọ́dọ̀ Bàbá. Kí n fọwọ́ sí ìwé kan pé mo fi irọ́ da aláìsàn lọ́kàn rú, kí wọ́n tó fún mi níṣẹ́ mìíràn. Olúrótìmí ò lè wò mí lójú. "Ẹ ṣáà sign, Mà."

Irọ́ wo? Mo fa ìlà pa ọ̀rọ̀ wọn, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òótọ́ ni Bàbá sọ. Ìyẹn ni mo fọwọ́ sí.