"Mo Wà" Láti Inú Kànga

Ẹ̀gbọ́n wa Fúnlọ́lá, ẹ kú ètò, mo kí ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tó ń gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ kàn pè mí ní Agbẹ́kànga Ìlódè.

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti ẹnì kan, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ìdrís, fi jọ gbẹ́ kànga. Ẹni tó wà lókè á máa pe ẹni tó wà nísàlẹ̀ pé, "Ṣé o wà?" Ìyẹn á ní, "Mo wà." Èmi ni mo ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ nínú kànga pé ó rẹ òun. Mo ní téèyàn bá ti fẹnu sọ ọ́, ara á kàn dẹ̀ ni.

Lóṣù tó kọjá, Ìdrís wọ kànga àtijọ́ kan ní Ìrẹmọ láti kó ẹrẹ̀ rẹ̀. Mo pè é, ó ní, "Mo wà." Mo tún pè é, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ṣì ní, "Mo wà." Ńṣe ni mo ń kanra pé ó ń falẹ̀. Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, kò dáhùn mọ́. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ burúkú ló pa á.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí n ṣọkàn akin, mo sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Láàárọ̀ yìí, ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, "Ṣé ẹ wà ṣá?" Mo ní, "Mo wà."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́ yín. Báwo ni kí n ṣe sọ fún ìyàwó mi pé ó rẹ̀ mí? Mi ò sọ ọ́ rí.