Ọ̀nà Òkú Ravenkeld

                                                  Ilé Olùṣọ́-Àgùntàn,
                                                  Hagthwaite,
                                                  Yorkshire.
                                                  Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ẹrẹ́nà, 1951.

Nora, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ikọ́ tí eruku irun àgùntàn ilé-iṣẹ́ yẹn kó bá ọ ti lọ? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé ilé ní Leeds ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń fi orin àárọ̀ jí yín? Ní tiwa, ara le, a dúpẹ́. Ọkàn ni kò balẹ̀.

O ní kí n sọ bí ilé ọkọ ṣe rí. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀sẹ̀ méje péré la ṣì ṣe é, bí Wilf bá sì wọlé lójijì, mo ṣì máa ń sáré nu ọwọ́ mi bíi pé àlejò ló dé. Ó dára sí mi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìwọ náà mọ àwọn ará ilé Kearton, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé tíì wá bá mi lórí ibùsùn kó tó lọ wo àwọn àgùntàn. Má kà á sí etí àwọn ọmọbìnrin ilé-iṣẹ́ yín o, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé ò ṣeé fi dọ̀la, Nora. O rántí Ọ̀nà Òkú tí àwa méjèèjì ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti Ravenkeld wá sí ilé-ìwé níbí. Láti oṣù Ọ̀wàrà ni Ọ̀gbẹ́ni Thackwray ti fi ṣéènì nínípọn ti géètì ibẹ̀ pa. Ó ní ilẹ̀ òun ni. Lóòótọ́, òun ló ni ilẹ̀. Òun náà ló ni agbo àgùntàn tí Wilf ń ṣọ́, òun ló sì ni ilé tí mo jókòó sí kọ lẹ́tà yìí. Ọjọ́ tí Wilf bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ la óò kó ẹrù wa jáde.

Àwọn ọmọ Ravenkeld, mọ́kànlá ni wọ́n báyìí, títì ńlá ni wọ́n wá ń gbà, máìlì mẹ́rin gbáko, níbi tí àwọn ọkọ̀ akóòkúta ti ń sáré bí ẹni tí iná ń lé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn já àpò ìwé kúrò léjìká ọmọ Peg Sunter. Àpò ló já, kò kan ọmọ. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí Peg bá gbọ́ ìró ọkọ̀, ńṣe ló ń di ìlẹ̀kùn mú.

Ìjọba wá ṣòfin tuntun pé kí abúlé kọ̀ọ̀kan ka àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n yà á sínú àwòrán ilẹ̀. Èyí tó bá ti wọ ibẹ̀, kò sí olówó tó lè tì í mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí wọ́n jáde ilé-ìwé, akọ̀wé kan wá láti ọ́fíìsì àgbègbè, gbogbo wa sì pé sí kíláàsì wa àtijọ́. Èmi wà lẹ́yìn, nídìí kẹ́tùlù tíì. Wilf dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀gbẹ́ni Thackwray jókòó síwájú, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síta bí ẹni tó wà ní pálọ̀ rẹ̀.

Bàbá Jonas Harker ló kọ́kọ́ dìde. Ó ti fá irùngbọ̀n nítorí ọjọ́ náà, ó sì fi abẹ ha ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìgbà tí Ravenkeld ò ní ibi ìsìnkú, bí wọ́n ṣe ń gbé òkú wá sí ṣọ́ọ̀ṣì níbí, òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé pósí lé láti sinmi, ọdún òjò dídì tí wọ́n fi okùn so pósí mọ́ pátákó, tí wọ́n wọ́ ọ lórí yìnyín. Ó ka òkú mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí ìka, òkú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ àti ohun tó pa á.

Ó ní, “Akọ̀wé, ilẹ̀ tí òkú bá ti gbà kọjá, ó ti di ọ̀nà gbogbo ayé nìyẹn. Bàbá-bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà mi orí. Ta ni nínú wa tí wọn ò fi ọ̀rọ̀ yẹn tọ́?

Ni Ọ̀gbẹ́ni Thackwray bá fi ohùn tútù béèrè pé, “Bàbá Jonas, kí lẹ máa ń ṣe ní géètì?”

“Píìnì ni! Gbogbo ẹni tó bá gbé pósí á fi píìnì kọ̀ọ̀kan gún igi géètì fún ilé yín. A ò jẹ yín ní ẹyọ kan rí. Ẹ lọ wo igi náà, ó kún bí ẹ̀yìn òòrẹ̀!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà Martha náà lọgun láti ibi tó jókòó sí: “Èmi gún méjì lọ́jọ́ ọkọ mi! Ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ìwà rẹ̀!” Ẹ̀rín sọ.

Ọ̀gbẹ́ni Thackwray dúró kí ẹ̀rín ó lọ. “Kí ni píìnì náà wà fún?”

“Ó wà fún àyè tí bàbá yín fún wa ni. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé kì í wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láì tọrọ àyè.”

Akọ̀wé gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé òfin ò mọ ọ̀rọ̀ òkú, pé ọ̀nà téèyàn bá ń tọrọ kó tó gbà, ti onílẹ̀ ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìṣòótọ́ tí àwọn àgbà wa fi ń yangàn, òun gan-an ni wọ́n ń fi ti géètì mọ́ àwọn ọmọ.

Akọ̀wé ní, “Ọ̀nà tí wọ́n bá ti gbà fún ogún ọdún láì tọrọ àyè, òfin kà á sí ti gbogbo ayé. Ṣé kò wá sí ẹni tó ti ń gba ibẹ̀ lọ́jọ́ lásán láti ogún ọdún sẹ́yìn, tí kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?”

Bàbá Jonas ní, “Akọ̀wé, Ọ̀nà Òkú lẹ ní ká sọ, ẹ tún ń bèèrè alààyè!”

Mo mọ̀, Nora. Ogún ọdún géérégé ló pé ní oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá tí wọ́n ti ilé-ìwé Ravenkeld pa, tí àwa ọmọ márùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá síbí. Ogun pa ọ̀kan, àwọn méjì wà ní Kánádà. Ó ku èmi àti ìwọ. Mo wo Wilf. Fìlà ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Mo sọ nínú ara mi pé bí mo bá dákẹ́, n óò ṣì ní ilé lọ́la. Lẹ́yìn náà ni mo rí Peg, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, àwa ń gbà á. Lójoojúmọ́ ni.” Ohùn mi kéré, wọ́n ní kí n tún un sọ.

Ọ̀gbẹ́ni Thackwray yíjú padà. “Ìyàwó Kearton, ilé ta lò ń gbé?”

“Ilé yín ni, sà.”

“Ta ló ń bọ́ ọkọ rẹ?”

“Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, sà.”

N ò mọ ibi tó ti jáde lẹ́nu mi. Bàbá Jonas ní, “Háà! Ọmọ tí kì í lè lé adìyẹ!” Akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Thackwray ní ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà náà, kí ni ọmọdé lè rántí? Akọ̀wé ní òun á fẹ́ ẹlẹ́rìí kejì, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì dé ọ̀dọ̀ òun kí oṣù yìí tó parí.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Wilf ò bá mi sọ ju “ó ti jinná” àti “òjò ń bọ̀” lọ. Tíì àárọ̀ ń wá, kò jókòó tì mí mu ún. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìròyìn di àwọn àwo ìgbéyàwó wa. Mo ń sunkún sí wọn, mo sì ń dì wọ́n lọ.

Láná, wọ́n ránṣẹ́ pe Wilf sí ilé ńlá Ọ̀gbẹ́ni Thackwray. Mo dúró sójú fèrèsé, mo ń wo títì. Títì ò gbé ẹnikẹ́ni wá. Ìgbà tí mo gbójú sókè, òun ni mo rí lórí Ọ̀nà Òkú. Ó gun géètì kọjá ní ọ̀sán gangan, lójú fèrèsé Ọ̀gbẹ́ni Thackwray, ajá rẹ̀ gba abẹ́ géètì tẹ̀lé e, kò sì yára.

Ó wọlé, ó jókòó. Ó ní wọ́n ní kí òun mú mi wá kọ̀wé pé mo ṣèèṣì sọ̀rọ̀ ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí àgùntàn bá ti bímọ tán, ká máa lọ. Ó ní òun dá wọn lóhùn pé ohun tí ìyàwó òun sọ, òótọ́ ni.

Mo bi í pé, “O ò bínú sí mi?”

“Mo bínú. Ara mi ni mo bínú sí. Ìgbà tí mo ń fẹ́ ọ, ibo ni mo ń gbà wá sí Ravenkeld? Ta ni mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀? Mo wá dúró síbẹ̀ bí òkúta, mo jẹ́ kí ìwọ nìkan sọ ọ́.”

Nora, mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Mo ti kọ ọ́, n ò ní pa á rẹ́.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, kọ̀wé. Mo fi àdírẹ́sì akọ̀wé sínú àpò lẹ́tà yìí. Má bù mọ́ ọn, má yọ kúrò níbẹ̀. Kọ nípa àárọ̀ tí ẹrẹ̀ gba bàtà rẹ, tí bàbá Ọ̀gbẹ́ni Thackwray fúnra wọn gbé ọ kọjá géètì, tí wọ́n ní, “Ẹ yára, agogo ti lù.” Wọn ò bèèrè píìnì. Má tìtorí ilé mi fà sẹ́yìn. Wilf ní olùṣọ́ tó mọ bí a ti ń gbẹ̀bí àgùntàn kì í wáṣẹ́ pẹ́, mo sì gbà á gbọ́. Ilé, a lè rí òmíràn. Àwọn ọmọ yẹn ò ní ọ̀nà míì.

Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé Ìyá àgbà Martha ń kí wọn, ẹnu wọn ò tíì rọ̀. Peg ní kí n kí ọ, kò tíì mọ ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún.

Èmi ni, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń di ara yín lọ́wọ́ mú lójú ọ̀nà yẹn,

Annis Kearton
(Annis Raw tí o mọ̀)